Ẹ̀rọ Géèmù àti Kọ̀ǹpútà: Èwo Ló Ń Náni Lówó Jù Bí Ọdún Ti Ń Gorí Ọdún?

Iye tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ géèmù kì í ṣe gbogbo owó tí ẹni tó rà á yóò ná lé e lórí. Nígbà tí PlayStation 5 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, dọ́là 499 ni Sony ń ta èyí tó ń lo díìsìkì ní Amẹ́ríkà, iye kan náà sì ni Microsoft fi lé Xbox Series X. Kò rọrùn rárá lásìkò náà láti fi iye owó yẹn to kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ bá tiwọn dọ́gba. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù kò gbójú lé ẹ̀rọ náà fún èrè. Nígbà mìíràn, ó lè tà á ní iye tó kéré sí owó tó fi ṣe é, bí Sony ti ṣe nígbà tí PlayStation 3 kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2006. Orí géèmù tí ènìyàn ń rà ni wọ́n ti ń gba owó wọn padà, nítorí pé wọ́n ń mú ìpín tiwọn nínú owó géèmù kọ̀ọ̀kan, àti lórí owó àsansílẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn ẹlòmíràn figagbága lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Owó àsansílẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìpele tó kéré jù lọ nínú PlayStation Plus, ètò àsansílẹ̀ Sony, ń gba nǹkan bí dọ́là 80 lọ́dún ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 60 ni tẹ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá san dọ́là 80 fún ọdún méje, ó di dọ́là 560, èyí tó ju owó tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ náà ní ọdún 2020 lọ. Ẹni tó ń dá nìkan gbá géèmù kò nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í béèrè rẹ̀ fún géèmù ọ̀fẹ́ bíi Fortnite. Lórí kọ̀ǹpútà, kò sí owó irú èyí, àyàfi géèmù díẹ̀ tí àwọn tó ṣe wọ́n ń gba owó oṣooṣù.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń gba owó tabua. Káàdì fídíò, tó ń ya àwòrán géèmù sójú ẹ̀rọ, ló sábà máa ń wọ́n jù nínú rẹ̀, ọjà rẹ̀ kò sì dúró sójú kan: láàárín ọdún 2020 sí 2022, ọ̀wọ́n káàdì àti àwọn tó ń fi í wa owó kírípítò mú kí iye rẹ̀ lórí àtẹ ga ju iye tí ilé-iṣẹ́ dá lé e lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbó nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni ènìyàn ń pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù AM4 (pátákó tí wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mọ́), irú èyí tí ilé-iṣẹ́ AMD bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2016, ló gba prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó jáde ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ sọ́fítíwíà rẹ̀ dọ̀tun.

Iye géèmù tí ènìyàn ń rà ló ń yí ìṣirò náà padà jù. Láti ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ géèmù ńlá ti kúrò ní dọ́là 60 sí dọ́là 70. Ẹni tó bá ra mẹ́rin lọ́dún fún ọdún méje yóò ra 28, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,960. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀dínwó ti pọ̀ jù, nítorí pé àwọn ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Steam, Epic àti àwọn mìíràn jọ ń du oníbàárà. Epic tilẹ̀ ti ń fún ènìyàn ní géèmù lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìparí ọdún 2018. Ká ní ẹni yẹn ní sùúrù tó fi ra gbogbo wọn ní ìdajì owó, dọ́là 980 ni yóò ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, èyí tó tó ra káàdì fídíò tó dára. Ẹni tó ń lo díìsìkì náà ní ọ̀nà tirẹ̀: ó lè ra àlòkù, kó sì ta èyí tó bá ti gbá tán. Ẹni tó ra PlayStation 5 tí kò ní ojú díìsìkì ní dọ́là 399 ní ọdún 2020 tọ́jú dọ́là 100 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ara rẹ̀, kò sì ní ibòmíràn tí yóò ti ra géèmù tó wà fún ìgbàsílẹ̀ ju orí ìsọ̀ Sony lọ.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá dúró máa ń rí ẹ̀rọ géèmù rà ní ẹ̀dínwó bó bá ti pẹ́ lórí àtẹ. Èyí kò dájú mọ́, nítorí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ńṣe ni Sony fi dọ́là 50 lé iye PlayStation 5 ní Amẹ́ríkà.

Iná mànàmáná kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà alágbára sábà máa ń jẹ iná ju ẹ̀rọ géèmù lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ú lọ ni bóyá ènìyàn yóò ra kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe odidi owó kọ̀ǹpútà ló yẹ kó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ géèmù, bí kò ṣe ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ̀ǹpútà tó tó fún iṣẹ́ rẹ̀ àti èyí tó lè gbé géèmù.