Kí Ni À Ń Pè Ní Ìmísí Lẹ́nu Iṣẹ́ Fọ́tò Yíyà?

Láti ara "mí sí" ni ọ̀rọ̀ náà "ìmísí" ti wá, ìyẹn ni pé kí ẹnì kan mí èémí rẹ̀ sínú ẹlòmíràn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nígbà tí a bá ń sọ pé Ìwé Mímọ́ ní ìmísí Ọlọ́run. Nítorí náà, bí a bá gbé e wá sẹ́nu iṣẹ́ ọnà, ohun tí ó máa ń wá sọ́kàn ni agbára kan tí ń ti òkè wá, tí ó ń bà lé ẹni tí ó bá wù ú, tí ẹni tí kò bá sì tíì bà lé kò ní ohun méjì í ṣe ju kí ó máa retí rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn fún àwọn tí ń ya fọ́tò, nítorí mo gbàgbọ́ pé ìrètí bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ mú dáadáa gbé kámẹ́rà rẹ̀ sínú àpótí fún oṣù gbọọrọ.

Ní tèmi, ìmísí ayàwòrán ni ìbéèrè kan tí ojú rẹ̀ bí, tí ó sì jẹ́ pé fọ́tò yíyà ni ó lè fi wá ìdáhùn sí i. Òǹkọ̀wé lè jókòó sínú yàrá tí ó ṣókùnkùn kí ó máa rántí òkun, ẹni tí ń fi ọ̀dà kun àwòrán sì lè kun ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Kámẹ́rà kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì kàn, nìkan ni ó lè gbà. Ìdí nìyí tí ìmísí ayàwòrán kò fi lè ti inú ìrònú nìkan wá; ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan lóde tí ó dì mọ́, ì báà ṣe ojú ènìyàn, ògiri tí ó ti ń ṣí, tàbí òjìji lásán.

Nígbà mìíràn, ìbéèrè náà a máa ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀ tí a lè kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan. Bí ẹṣin bá ń sáré, ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ojú lásán kò lè sọ, nítorí eré náà yá jù. Ní ọdún 1878, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Eadweard Muybridge to ọ̀wọ́ kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ẹṣin yóò gbà kọjá, ó sì na okùn tín-ínrín sójú ọ̀nà kí ẹṣin fúnra rẹ̀ lè máa mú wọn ya àwòrán bí ó ti ń já a. Àwọn fọ́tò náà fi hàn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pé ìgbà tí ẹsẹ̀ kó jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n nà síwájú àti sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń kun àwòrán ṣe máa ń kùn ún.

Ìbéèrè púpọ̀ jù lọ kì í ní ìdáhùn tí ó ṣe gúnmọ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìmísí sì ti jinlẹ̀. Ẹ wo Edward Weston, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó ń ya fọ́tò tàtàṣé ní ọdún 1930. Kì í ṣe pé tàtàṣé jẹ́ ohun àrà lójú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń wá ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè mú kí ara ẹ̀fọ́ lásán yí po bí iṣan ẹ̀yìn ènìyàn. Ó yà á, ó tún un yà, ó pààrọ̀ ohun tí ó fi sẹ́yìn rẹ̀, kò sì tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, títí ó fi gbé tàtàṣé kan sínú àrọ onípáànù, irú èyí tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń ta sí i lára láti inú àrọ náà. Èyí ni a mọ̀ sí Tàtàṣé Ọgbọ̀n, nítorí pé nọ́ńbà 30 ni ó fún un. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn gidigidi, nítorí ó ń jẹ́rìí sí iye ìgbà tí a lè bi ohun kan náà ní ìbéèrè kí ó tó dáhùn.

Ní ìlú Prague, ní ilẹ̀ Yúróòpù, Josef Sudek, ayàwòrán tí ó pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fèrèsé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1940, nígbà tí ogun kejì ń jà, ó sì ń yà á títí di ọdún 1954. Fèrèsé kan ṣoṣo ni. Nínú àwọn fọ́tò yẹn, a rí dígí tí èéfín omi bò, a rí dígí tí yìnyín gbá mú, a sì rí igi tí ó wà lóde bí ó ṣe ń farahàn tí ó sì ń pòórá. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ààlà a máa bọ́ ìmísí. Ẹni tí ó lè ya ohun gbogbo kò mọ èyí tí yóò bi léèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún ara rẹ̀ ní lẹ́ńsì kan, ibì kan àti wákàtí kan lójúmọ́ fún oṣù kan kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rí ìyàtọ̀ tí kò rí tẹ́lẹ̀.

J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ní Nàìjíríà, àwọn fọ́tò irun náà sì tó nǹkan bí 1,000. Níbi púpọ̀, ẹ̀yìn orí ni ó yà, kò sì sí ohun kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò gba ojú ẹni. Nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà yà wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìyàtọ̀ ọwọ́ onídìrí kan sí òmíràn ni ojú ń lọ bá. Ọ̀wọ́ àwòrán nìkan ni ó lè sọ irú nǹkan báyìí. Fọ́tò kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́.

Bí ẹni tí ń wá ìbéèrè kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ìmọ́lẹ̀. Ní kété tí oòrùn bá yọ àti kí ó tó wọ̀, oòrùn wà nísàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ní láti la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ náà a máa tú àwọ̀ búlúù ká, èyí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì ṣẹ́kù, òjìji yóò sì gùn. Ní ọ̀sán gangan, òjìji a kúrú, a sì le. Bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, òjìji fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ohun kan náà tí a bá yà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun mẹ́ta.

Ní ti wíwo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, ó dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ya ìmísí sọ́tọ̀ kúrò lára àwòkọ. Ẹni tí ó ń ṣe àwòkọ a máa gba ìdáhùn onífọ́tò náà, ẹni tí ó rí ìmísí a máa gba ìbéèrè rẹ̀. Mo máa ń gba àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n wo fọ́tò kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá àti ibi tí ẹni tí ó yà á dúró sí, dípò kí wọ́n fi ìka fa ọgọ́rùn-ún fọ́tò kọjá lórí fóònù.

Nígbà tí ọ̀dá ìmísí bá dá, ọ̀pọ̀ a máa sáré lọ ra kámẹ́rà tuntun. Ìdùnnú tí ó ń bá kámẹ́rà tuntun wá jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè, kì í sì í pẹ́ tán. Ohun tí mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a kó fọ́tò àtijọ́ wa bíi 200 jáde, kí a má ṣe wá èyí tí ó dára jù, kí a wá ohun tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ènìyàn, ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a ti yà nígbà ogún láìmọ̀ọ́mọ̀ ni ìbéèrè tí a ti ń bi láti ọjọ́ pípẹ́ láìfẹnu sọ ọ́. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan ní gbólóhùn kan, kí a sì padà jáde lọ yà á, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe, títí di ọjọ́ tí a óò mọ bí fọ́tò náà yóò ti rí kí a tó tẹ kámẹ́rà. Ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn parí, tí ó sì tó àkókò láti ṣí ojú ewé mìíràn nínú ìwé kékeré náà.