Káàkí Láìní Ìbọn: Bí Iṣẹ́ Agùnbánirọ̀ Ṣe Di Ọ̀ranyàn

Láti ọjọ́ tí àwọn agbébọn ti wọ ilé ìjọsìn Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, 2022, tí wọ́n pa èèyàn bí 40, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ará Àkúrẹ́. Ẹ dé Ọjà Ọba, ẹ wọ mọ́tò ní gáréèjì, ẹ dúró ti àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀, ẹ óò gbọ́ ọ: kí ìjọba dá iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn padà, kí gbogbo ọmọ tó bá ti pé ọdún 18 lọ kọ́ ìbọn. Mo mọ ohun tó ń dun àwọn tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ dá padà? Láti ọdún 1960 tí a ti gba òmìnira, Nàìjíríà kò ní òfin kankan tó ń fipá mú ọmọ wọṣẹ́ ṣọ́jà. Agùnbánirọ̀ la ní, ìyẹn ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tó ń fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó ń wọ káàkí, ó ń ṣe páréèdì, ọ̀gá ṣọ́jà ló sì ń darí ètò náà láti Àbújá. Bí ó ṣe jẹ́ tí wọ́n fún un láṣọ tí wọn kò fún un níbọn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́ ni.

Nílẹ̀ Èkìtì, Àkókó àti Ọ̀wọ̀, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ni ìlú fi ń ṣètò àwọn ọkùnrin láyé àtijọ́. Àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà á jọ máa ṣiṣẹ́ ìlú: wọn á ro ọ̀nà, wọn á tún ààfin ṣe, bí ogun bá sì dé, ẹgbẹ́ tó wà nínú agbára ló máa kọ́kọ́ jáde. Kò sí ìwé orúkọ, kò sí owó oṣù. Ẹni tó bá fara pamọ́, ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò ní lè wò mọ́. Ti Ìbàdàn yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ológun ńlá ló ń kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ, tó ń bọ́ wọn, tó ń fún wọn ní ìbọn, tí olúkúlùkù sì ń fojú sí ìkógun. Irú àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn ni wọ́n kó wọ Èkìtì, tí àwọn ajẹ́lẹ̀ wọn fi ayé ni àwọn ará ibẹ̀ lára títí Èkìtì Parapọ̀ fi dìde ní 1878, tí Ògèdèǹgbé sì wá di olórí ogun wọn. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó pé kí wọ́n wá bá wọn dá sí i. Ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá lójú ogun Kírìjì. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Parapọ̀ dìde ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n lè gbé ìbọn lé lọ́wọ́ kí àgọ́ tó tú. Àwọn tó ń fi akọni ayé ìgbà náà yangàn lónìí kì í sábà ka ọdún yẹn.

Iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn tó ní òfin, tó ní ìwé orúkọ àti ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá kọ̀, ilẹ̀ Faransé ló ti wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọba wọn ni, àwọn ọba Yúróòpù yòókù sì gbógun tì wọ́n. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹjọ, 1793, àwọn aṣòfin ní Paris pàṣẹ pé kí gbogbo àpọ́n láti ọmọ ọdún 18 sí 25 jáde lọ sójú ogun. Ní 1798, wọ́n sọ ọ́ di òfin tí yóò máa kó ọ̀dọ́ lọ́dọọdún, Napoleon sì fi òfin yẹn kó èèyàn títí tó fi ṣubú. Prussia, tó jìyà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1806, ṣe òfin tirẹ̀ ní 1814. Ó ràn káàkiri láti ibẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tó wá jọba lé wa lórí kò tètè bá wọn dá a. Ṣọ́jà tó fínnú fíndọ̀ wọṣẹ́, tó ń gba owó oṣù, ló mọ̀. Ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ti pa á lọ́mọ jáǹtirẹrẹ ló tó ṣòfin ọ̀ranyàn, ní 1916. Nítorí náà, bó ṣe dá iṣẹ́ ológun sílẹ̀ níhìn-ín náà nìyẹn. Glover, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tí àwọn ará Oǹdó mọ̀ nítorí ọ̀nà tó là gba ilẹ̀ wọn lọ sókè, kó àwọn Haúsá jọ ní Èkó ní 1863. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá fún olówó wọn. Ibẹ̀ ni àwọn òpìtàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà. Ní 1897, Lugard gba iṣẹ́ kíkó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó tóbi ju ìyẹn lọ jọ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ má rò pé òyìnbó kò fipá mú èèyàn o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó pàṣẹ fún àwọn ọba àti ìjòyè kí wọ́n kó alárùú wá, wọ́n sì ru ẹrù ogun lọ sí Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Láàárín 1942 sí 1944, wọ́n kó ọkùnrin bí 100,000 láti àwọn ẹkùn Àríwá lọ wa tánganran ní Jos. Ẹrù àti ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ipá gbé lé wọn lọ́wọ́. Òyìnbó kò ya òmùgọ̀: ẹni tó mú nípá, kò jẹ́ fún un ní ìbọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní Bóma, tó lọ bá àwọn ará Japan jà ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ forúkọ sílẹ̀. Isaac Fadoyebo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Èmùré-Ilé tó wà lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ní oṣù Kìíní 1942, ọmọ ọdún 16 ni, kò gba àṣẹ lọ́dọ̀ bàbá, kò gbà á lọ́dọ̀ ìyá, ó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ àfonífojì Kaladan, ọta ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú yí i ká. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ló kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman lorúkọ rẹ̀, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tó tún gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí àwọn ará Japan bá gbọ́, ó ti kú nìyẹn, tòun ti ìyàwó àtọmọ. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó kàn wọ́n. Fadoyebo fi ẹsẹ̀ tí kò gún mọ́ padà sílé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú un lọ, síbẹ̀ bí ogun ṣe rí fún ọmọ ọdún 18 nìyẹn. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń fi ẹnu lásán kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ogun rántí ọmọ Èmùré-Ilé yìí.

Ogun abẹ́lé ló bí agùnbánirọ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà kò ju bí 10,000 lọ. Nígbà tó fi parí ní oṣù Kìíní 1970, wọ́n ti tó bí 250,000. Apá ìjọba àpapọ̀ kò ṣe òfin ọ̀ranyàn, nítorí àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n lè kọ́ dáadáa lọ. Apá Biafra ni wọ́n ti ń kó ọmọkùnrin lójú pópó nígbà tí èèyàn ń tán lọ. Ogun parí, Gowon ní kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ṣọ́jà ti pọ̀ jù nílẹ̀ nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe máa dín wọn kù ni ìjọba ń rò. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ọmọ Yorùbá tó ti sun Ẹnúgu rí, àti ọmọ Ìgbò tí yóò tún gbójú lé pé kò séwu ní Kano.

Orúkọ tó yẹ kí àwọn èwe mọ̀ níbí ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ kọmíṣọ́nà Gowon fún ètò ọrọ̀ ajé àti àtúnṣe ìlú lẹ́yìn ogun. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí bàbá ètò agùnbánirọ̀, tó ń kó ọ̀dọ́ lọ sìn níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ wọn kí wọ́n lè mọ ara wọn, òun náà sì ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò gbà. Wọ́n fẹ̀hónú hàn ní 1973, wọ́n ní ta ló bi àwọn léèrè kí wọ́n tó fi ọdún kan gbáko nínú ayé àwọn tọrẹ. Ìjọba ológun ni ṣá. Ní ọjọ́ 22, oṣù Karùn-ún, 1973, Gowon fọwọ́ sí Àṣẹ 24, ó sì di dandan. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i: ọdún yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà, tí ogun Vietnam ti sú, ṣíwọ́ fífipá kó ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun.

Àwọn 2,364 ló kọ́kọ́ sìn, àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì ni gbogbo wọn. Ológun tó tún jẹ́ dókítà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá wọn. (Ali yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ké pé kó máa lọ ní 1978, nígbà tó ti di kọmíṣọ́nà ètò ẹ̀kọ́.) Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò tí ì sí, abẹ́ Ìbàdàn ni Àkúrẹ́ wà títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní oṣù Kejì 1976. Lónìí, Ìkàrẹ́-Àkókó ni àgọ́ àwọn kóòpà tó bá bọ́ sí ìpínlẹ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀: fèrè á dún kílẹ̀ tó mọ́, ṣọ́jà á lé wọn jáde, wọn á sáré, wọn á tò, wọn á kọrin. Lẹ́yìn náà, wọn á tú ká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní àwọn abúlé wa ni kò ní olùkọ́ ìṣirò bí kò ṣe kóòpà.

Àṣẹ tuntun rọ́pò ti 1973 ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, 1993, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìdìbò June 12 tí gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Òun la ṣì ń lò. Ó ní ẹni tó bá kọ̀ láti sìn yóò san ₦2,000 tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì. Ó sì yọ ẹni tó bá ti ṣe ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá ju oṣù mẹ́sàn-án lọ sílẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú àwọn ohun tó kà sílẹ̀ pé ètò náà wà fún tí wọ́n ti dárúkọ ìbọn. Ní oṣù Kẹrin 2011, nígbà tí rògbòdìyàn ìdìbò pa àwọn kóòpà tó ń bá wọn ṣètò ìbò ní Bauchi, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n fi kú. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé ọmọ àwọn lọ sókè Ọya.

Ohun tí àwọn ará Ọjà Ọba kò mọ̀ ni pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ṣí ilẹ̀kùn fún ohun tí wọ́n ń béèrè. Abala 220 nínú Òfin 1999 ní kí ìjọba àpapọ̀ ní ohun èlò tí yóò fi mú òfin ìkọ́ni-níṣẹ́-ogun ọ̀ranyàn ṣẹ, bí Ilé Aṣòfin bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, Ààrẹ lè fún ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá fẹ́ ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogun. Abala 34 pẹ̀lú ní iṣẹ́ ológun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹrú. Láti 1999, Ilé Aṣòfin kò tíì ṣe òfin yẹn.

Ní tèmi, kí wọ́n má ṣe é. Sweden pa tirẹ̀ tì ní 2010, ó dá a padà ní 2017. Lithuania pa á tì ní 2008, ó dá a padà ní 2015. Àwọn wọ̀nyẹn rí Rọ́ṣíà tó gba Crimea ní 2014, orílẹ̀-èdè tó ní ọkọ̀ ogun àti ọmọ ogun tó ń tò. Àwọn tó ń dá wa láàmù lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ àti nínú igbó Àkókó kì í tò. Ẹni tó mọ igbó, tó gbọ́ èdè ibẹ̀, tó sì ń gba owó oṣù tó tó o jẹ ló lè wá wọn rí. Ẹ tún wo Eritrea: oṣù 18 ni òfin ibẹ̀ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òun àti Ethiopia ti jà ní 1998, kò lópin mọ́, àwọn ọ̀dọ́ wọn sì ń gba inú aṣálẹ̀ sá lọ. Ìjọba wa tí kì í tètè dá ohun tó bá ti gbà padà ni ẹ fẹ́ fún nírú òfin yẹn?

Owó ńkọ́? Kóòpà ń gba ₦77,000 lóṣù báyìí. Bí a bá fi kó 300,000 ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ogun, bílíọ̀nù 23 náírà ó lé ni lóṣù kan, kí wọ́n tó ra ọta ìbọn kan, kí wọ́n tó se ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀, Àmọ̀tẹ́kùn wà nílẹ̀, tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú fọwọ́ sí òfin rẹ̀ fún ìpínlẹ̀ wa ní oṣù Kẹta 2020, tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ìlú tó fẹ́ ṣe é ni wọ́n gbà. Kí olóògbé náà tó lọ, ó pariwo ní 2022 pé Àbújá kò jẹ́ kí wọ́n gbé irú ìbọn tí àwọn ọ̀daràn ń gbé. Ẹni tó fẹ́ gbé ìbọn wà, wọn ò fún un; a wá ń wá òfin tí yóò fi gbé e lé ẹni tí kò fẹ́ lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, aṣòfin tó ń ṣojú Àkúrẹ́ Gúúsù àti Àríwá ní Àbújá ni kó kọ̀wé sí, kó dárúkọ abala 220. Àwọn tó wà ní àgọ́ Ìkàrẹ́ kò ní agbára rẹ̀.