Owó ọkọ̀ ti wọ́n: ta ni kí á fi ilé àti ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ fún?

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí àwọn tí mo ń fún ajá wọn lábẹ́rẹ́ fi ń bẹ̀ mí pé kí n máa bá wọn sùn sílé nígbà tí wọ́n bá rìnrìn-àjò. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kì í ṣe ti àìsàn mọ́. Wọ́n ń bi mí bóyá, pẹ̀lú bí owó ọkọ̀ ṣe rí yìí, ó ṣì bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn máa sanwó fún ẹni tí yóò ṣọ́ ilé tí yóò sì máa fún ajá lóúnjẹ, tàbí kí ó kúkú ti ilẹ̀kùn pa, kí ó sì fi ohun gbogbo lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èsì mi ni pé apá ṣì ká a, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí owó náà ń gbà jáde ni.

Ní agbo ilé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò lè wáyé. Bí ìyá kan bá lọ sí ìdálẹ̀, orogún tàbí ìyàwó ilé ni yóò da àgbàdo fún adìẹ rẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ á sì ti mọ gbogbo ojúlé tí ó ti ń jẹ èèpo iṣu. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì jẹ́ ẹni tí ìrìn-àjò ti mọ́ lára: àwọn bàbá wa ṣòwò dé Jọs, dé Kàdúná, àti dé ìhà àríwá Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà títí òfin tí ìjọba Gánà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 fi lé wọn padà wálé. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ènìyàn wà nílé. Lóde òní, ilé olódi onígéètì tí tọkọtaya àgbà méjì péré ń gbé ni ó pọ̀ sí i káàkiri ìlú, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní Èkó tàbí ní Kánádà. Bí ìyá bá lọ tọ́jú ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́ta, tí bàbá sì bá a lọ, kò sí orogún tí yóò da àgbàdo.

Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun a máa sọ fún àwọn òbí wọn pé lọ́dọ̀ àwọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń báni ṣọ́ ilé. Òótọ́ ni, dé ìwọ̀n kan. Ìkànnì TrustedHousesitters, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtéènì ní ọdún 2010, wà lára àwọn tó ń so onílé pọ̀ mọ́ olùṣọ́. Owó ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún ni àwọn méjèèjì ń san, onílé kì í san owó iṣẹ́ fún olùṣọ́, olùṣọ́ náà kì í sì í san owó ibùsùn fún onílé. Ìbùsùn yẹn ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ ni ó ń gbé ara rẹ̀ dé ibẹ̀, nítorí náà bí owó ọkọ̀ bá ti ju iye tí ì bá san ní òtẹ́ẹ̀lì lọ, ọ̀fẹ́ náà ti di ọ̀wọ́n nìyẹn. Ẹ tún bá mi sọ fún àwọn ọmọ tó ń gbèrò láti máa fi ọ̀nà yìí rìn kiri pé ìwé ìwọ̀lú àlejò kì í sábà fàyè gba iṣẹ́, àti pé àwọn aṣọ́bodè lè ka títọ́jú ológbò onílé sí iṣẹ́ bí owó kankan kò tilẹ̀ kọjá láàárín wọn. Wọ́n ti dá arìnrìn-àjò padà ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà rí nítorí rẹ̀.

Níhìn-ín, kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróò kan kò tó ₦200. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ọkàdà tí ń gbé olùṣọ́ lọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọkọ̀ tí ń gbé e bọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, gbogbo wọn ló fi kún owó wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣirò ni pé wọ́n ń bá olùṣọ́ ná owó iṣẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọn kò sì wo owó ọkọ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní olùṣọ́ kan yóò wá láti Ìbàdàn, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦14,000, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ₦4,000 lójúmọ́. Bí ẹ bá ń lọ fún ọjọ́ méjì, ₦22,000 ni ẹ ó san, ọkọ̀ ni ó sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ₦14,000 kan náà ni ọkọ̀ ṣì ń gbà, ₦500 péré ni ó sì kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn oníbàárà mi kì í lọ lemọ́lemọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ, wọ́n ń pẹ́, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí owó ọkọ̀ tiwọn náà ṣòfò. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ yìí kú. Ọ̀wọ́n ọkọ̀ tó sọ ìrìn-àjò ọjọ́ méjì di ohun tí kò yẹ kí á mú olùṣọ́ wá láti òkèèrè fún, òun náà ni ó sọ ìrìn-àjò oṣù kan di ohun tí apá ká.

Fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wá ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé yín. Ó lè jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní òdìkejì títì, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, tí yóò dùn mọ́ nínú pé òun rí ibi tó dákẹ́ tí òun yóò ti kàwé. Owó tí ẹ ì bá san fún awakọ̀, ẹ fi kún tirẹ̀.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí olùṣọ́ máa yọjú ní ọjọ́ kan kí ó fò ọjọ́ kejì láti dín owó ọkọ̀ kù, pàápàá níbi tí adìẹ bá wà. Èmi gan-an ti gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Adìẹ ogójì ni, nínú ooru oṣù kẹta. Mo rán ọmọ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n owó ọkàdà tí mo fún un kò tó mọ́, ọjọ́ kan tí ó yẹ kí ó fò sì di méjì. Nígbà tí mo débẹ̀ fúnra mi, mo gbé agbomi wọn, ó fúyẹ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn adìẹ la ẹnu sílẹ̀, wọ́n na ìyẹ́ apá jìnnà sí ara, mẹ́sàn-án sì ti kú. Adìẹ ayéyin kan a máa mu tó ìdá mẹ́rin lítà omi lójúmọ́, ó sì ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Bí omi bá wọ́n ọn fún ọjọ́ kan péré, ẹyin yóò dínkù. Mo san owó àwọn adìẹ náà, ó sì ju owó ọkàdà oṣù kan lọ.

Àwọn mìíràn a máa gbé ajá wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń báni tọ́jú ajá. Ó lè dín owó kù, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán lọ síbẹ̀, nítorí kòkòrò àrùn parvo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tó gbé e wá ti lọ.

Abẹ́rẹ́ tí èmi kì í fi ṣeré ni ti dìgbòlugi. N kì í sùn sílé tí ajá ibẹ̀ kò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ ti ọdún náà, ìmọ̀ràn mi sí gbogbo olùṣọ́ sì ni pé kí wọ́n béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè owó. Bí ajá tí ẹ kò mọ̀dí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá bu olùṣọ́ jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, torí pé bí àmì àrùn yìí bá ti fara hàn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Abẹ́rẹ́ ọ̀wọ́ọ̀wọ́ tí wọn yóò fún un níbẹ̀ wọ́n ju èyí tí ẹ ì bá fún ajá lọ lọ́nà tó pọ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹni tí yóò sanwó rẹ̀, àti ẹni tí yóò ra iná sí mítà, kí ó má bàa di ariwo lórí fóònù.

Owó kan ṣì wà tí àwọn onílé ń bá mi jiyàn lé lórí, òun ni ti alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò. Mo máa ń béèrè pé kí n wá sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí onílé ṣì wà nílé, kí ó fúnra rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ lé mi lọ́wọ́ níṣojú ajá rẹ̀. Ìyá kan ní Arówómọlẹ̀ kò gbà. Ó ní owó ọjọ́ kan gbáko ni. Lẹ́yìn tí ó lọ, ajá náà dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé imú lé orí ìró àtijọ́ kan tí ìyá náà fi sílẹ̀ lórí àga, tí òun fúnra rẹ̀ ti wọ́ bọ́ sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó jẹ ẹ̀bà tí mo fi omi ẹja pò fún un, lẹ́yìn tí ìyá náà ti pè mí láti Èkó ní ìgbà mẹ́rìnlá. Nígbà tí ó tún fẹ́ lọ lẹ́yìn ọdún, òun ló kọ́kọ́ dárúkọ owó alẹ́ yẹn.