Ọ̀nà tó dákẹ́ ní ìgbèríko Faransé kò dúró de pátákó kẹ̀kẹ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń múra láti lọ gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, pé bí ọ̀nà kan kò bá jẹ́ èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, mọ́tò kò ní jẹ́ kí èèyàn mí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọ́ lọ sí etí odò Loire àti etí Canal du Midi, odò tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́ ní gúúsù, tí wọ́n sì ń sá fún títì bí ẹni ń sá fún ewu. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń dùn mí, torí ohun tó dára jù ní ilẹ̀ náà fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ń fi dù wọ́n. Àwọn títì kéékèèké ọlọ́dà ni mò ń wí, èyí tí ẹ lè gùn pẹ́ títí kí ọkọ̀ kan tó kọjá.

Mi ò bá àwọn ọ̀nà àkànṣe jà o. Ní 1997, wọ́n sọ ojú irin àtijọ́ tó wà láàárín Givry àti Cluny, ní Burgundy, di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Òun ni wọ́n ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Faransé. Voie verte ni wọ́n ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ohun tó ní ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá kó ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn, ibẹ̀ ni kó gbà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí etí Loire ní oṣù kẹjọ, kí ẹ wo èrò: ìdílé tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ní fífẹ̀, ajá, àwọn tó ń rìn, àwọn tó yá kẹ̀kẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó fẹ́ sáré díẹ̀ á kàn máa tẹ bíréèkì ni. Etí Canal du Midi náà ńkọ́? Láti Toulouse, ọ̀dà wà fún nǹkan bí 50 kìlómítà. Tí ẹ bá ti kọjá agbègbè Lauragais, ó di erùpẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti gbòǹgbò igi, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í bá ibẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni pé apá púpọ̀ nínú La Loire à Vélo, ìrìn kẹ̀kẹ́ etí odò Loire tó ní pátákó, tó gùn tó nǹkan bí 900 kìlómítà, kì í ṣe ọ̀nà àkànṣe rárá. Títì abúlé ni, tí àgbẹ̀ àti olùkó-lẹ́tà ń gbà. Ó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wá ri pátákó mọ́ ọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú títì bẹ́ẹ̀ ló wà tí kò ní pátákó kankan.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Gbogbo títì ilẹ̀ Faransé lápapọ̀ ju mílíọ̀nù kan kìlómítà lọ. Nínú rẹ̀, títì olówó ńlá àwọn mọ́tò, autoroute, kò ju nǹkan bí 12,000 lọ. Èyí tó jẹ́ ti ẹkùn, tí wọ́n ń fi lẹ́tà D sàmì sí, lé ní 370,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tó kù, tó ju ìdajì lọ, ti àwọn ìlú àti abúlé fúnra wọn ni. Faransé ní nǹkan bí 35,000 commune, ìyẹn ìlú tàbí abúlé tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, kálukú ló sì ń tọ́jú títì tirẹ̀, ì báà jẹ́ abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún.

Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ló ti lọ. Ẹkùn Creuse, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ní èèyàn tó lé ní 280,000 ní 1851. Lónìí, wọn kò tó 120,000. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lọ kọ́lé ní Paris, àwọn ọmọ wọn kò sì padà. Títì tí wọ́n là láti abúlé dé abúlé, láti oko dé ọjà, kò bá wọn lọ, wọ́n sì da ọ̀dà sí i. Ẹkùn Lozère tún fọ́nká jù bẹ́ẹ̀ lọ: kò tó 80,000 èèyàn lórí ilẹ̀ tó ju 5,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ẹni tó bá ń ti àríwá lọ sí etí òkun gúúsù, autoroute A75 ló máa gbà kọjá, torí pé wọn kì í gba owó níbẹ̀ àfi lórí afárá Millau. Orí òkè Aubrac tó wà nítòsí wá di ti màlúù, afẹ́fẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ gun kẹ̀kẹ́.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra nìyí, torí àṣìṣe kejì wà tó máa ń tẹ̀lé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé títì D dákẹ́ lè rò pé gbogbo D ló dákẹ́. Rárá o. Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà títì ńlá, àwọn N, lé àwọn ẹkùn lọ́wọ́. Ní 2006, wọ́n tún gbé òmíràn fún wọn. Nọ́ńbà yí padà, ọkọ̀ kò yí padà. N20 àtijọ́ ló di D820 ní Lot, N10 ló di D910 nítòsí Tours, N6 ló di D1006 ní àfonífojì Maurienne. Tírélà ń kọjá níbẹ̀ títí di òní. Tí ẹ bá rí D tó ní nọ́ńbà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6, 8 tàbí 9, tàbí nọ́ńbà mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, ẹ kọ́kọ́ wádìí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú, ṣùgbọ́n ẹ wádìí.

Máàpù Michelin máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ púpọ̀. Títì pupa ni ti ọkọ̀ púpọ̀, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, funfun tín-ín-rín ni èyí tí à ń wá. Ìlà aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mìíràn, ẹwà ló ń sọ, kò ṣèlérí ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹkùn tún máa ń gbé àkọsílẹ̀ iye ọkọ̀ tó ń kọjá lójúmọ́ síta. Bí ọkọ̀ 300 bá ń kọjá ní ọjọ́ kan, nǹkan bí ọkọ̀ kan ni ní ìṣẹ́jú márùn-ún, àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀. Ìyẹn kò ní dà yín láàmú.

Ẹ̀rù tó wà nídìí ìgbàgbọ́ òdì yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Ó ju ìdajì àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń kú ní títì Faransé lọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti ń kú. Eré ọkọ̀ ló fà á. Ní ẹ̀yìn ìlú, òfin sọ pé awakọ̀ tó bá fẹ́ yà oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Láti 2015, ó lè gun ìlà funfun àárín títì láti ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá ríran síwájú dáadáa. Lórí títì tó tóbi, tó sì nà, ọ̀pọ̀ á sáré dé 80 tàbí 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Lórí títì funfun tó fẹ̀ tó ọkọ̀ kan péré, tó ń yí gba ẹ̀yìn oko, kò sí ẹni tó lè sáré bẹ́ẹ̀ kó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé irú títì tí ẹ yàn ṣe pàtàkì ju pátákó lọ.

Àwọn òkè olókìkí tí ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ń gbà náà kì í sábà dákẹ́. Mont Ventoux ní oṣù keje kún fún alùpùpù àti mọ́tò àwọn arìnrìn-àjò. Tí ẹ bá fẹ́ gun òkè ńlá láìgbọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹkùn Hautes-Alpes máa ń ti díẹ̀ lára òkè rẹ̀ mọ́ mọ́tò ní àárọ̀ ọjọ́ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo déètì kí ẹ tó lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ní iye tó ń náni, oúnjẹ àti omi sì ni. Abúlé mélòó kan lè tẹ̀ léra tí kò sí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì nínú wọn, ibi tó bá sì wà lè tì láti agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹ ra oúnjẹ ní àárọ̀. Omi sábà máa ń wà ní ibi ìsìnkú, ẹ̀rọ omi á wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá kọ «eau non potable» síbẹ̀, ẹ má mu ún. Tí títì kékeré bá yọ láti apá ọ̀tún tí kò sì sí àmì kankan, ẹni tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ló ni ọ̀nà, ẹ rọra. Láti oṣù kẹsàn-án, àwọn títì tó dákẹ́ jù ní Picardie, ní àríwá ilẹ̀ náà, máa ń kún fún ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó bíìtì oníṣúgà lọ sí ilé iṣẹ́, ẹrẹ̀ oko á sì bo ọ̀dà. Fún ìgbà yẹn, ẹ forí lé gúúsù.