Bí bọ́tìnì kan ṣe lè máa pa Raspberry Pi, kó sì tún máa jí i

Raspberry Pi jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Kí Raspberry Pi 5 tó jáde lọ́dún 2023, àwọn bọ́ọ̀dù tó ṣáájú rẹ̀ kò ní bọ́tìnì títàn àti pípa lára. Bí a bá ki wáyà iná bọ̀ ọ́, ó tàn nìyẹn. Bí a bá fà á yọ, ó kú.

Ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìjọsìn lè so irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ mọ́ bátìrì sólà nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, síbẹ̀ ọwọ́ tó ń fa wáyà yọ nírọ̀lẹ́ gan-an ló lè máa bà á jẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í kọ ohun gbogbo sórí mẹ́mọ́rì káàdì lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó díẹ̀ sọ́wọ́ ná, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá já lójijì, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ṣòfò, fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ sì lè dúró sí ìlàjì, débi pé lọ́jọ́ kejì kò ní lè dìde mọ́. Nítorí náà, bọ́tìnì tó dára kì í gé iná rárá. Ńṣe ló ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé kó palẹ̀ ẹrù mọ́, bí ìyá ọlọ́jà tó rí ṣíṣú òjò, kó tó sùn.

Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó jáde láti ọdún 2014, píìnì 40, ìyẹn irin tínínrín tí a ń so wáyà mọ́, ló tò sí ìlà méjì. Èyí tó ń gba iṣẹ́ tí a rán ni píìnì 5, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GPIO3 (GPIO ni wọ́n ń pe àwọn píìnì tí kọ̀ǹpútà fi ń gba àmì tàbí rán àmì). Rẹsísítọ̀ (ẹ̀yà kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù) ohm 1,800 kan ti wà lórí bọ́ọ̀dù tó so ó mọ́ fóltì 3.3, torí náà fóltì yẹn ló máa ń wà lórí rẹ̀ bí ohunkóhun kò bá kàn án. Píìnì 6, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ni ẹ́ẹ̀tì, ibi tí fóltì jẹ́ òdo. Bí a bá tẹ bọ́tìnì tí a so sáàárín àwọn méjèèjì, fóltì orí GPIO3 á já wálẹ̀ sí òdo. Jíjá wálẹ̀ yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà sí àṣẹ.

Lórí àwọn bọ́ọ̀dù tó ṣáájú Pi 5, jíjí kò gba ètò kankan, nítorí pé bọ́ọ̀dù tó ti sùn ṣì ń ṣọ́ GPIO3. Pípa ló gba ìlà kan nínú fáìlì config.txt tí kọ̀ǹpútà máa ń kà nígbà tó bá ń tàn, èyí tó wà nínú fódà /boot/firmware láti ìgbà Bookworm (ẹ̀dà kan lára ètò Raspberry Pi OS), tó sì wà nínú /boot tẹ́lẹ̀:

dtoverlay=gpio-shutdown

Bí a bá ti tún kọ̀ǹpútà tàn lẹ́yìn èyí, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, yóò máa ka bọ́tìnì náà sí irú èyí tó wà lára láptọ́ọ̀pù. Ètò yìí tún ń bójú tó àléébù kan tí ojú kò lè rí: irin méjì tó wà nínú bọ́tìnì máa ń gbá ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó fara mọ́ra, ní pàtàkì bí eruku ọyẹ́ bá ti wọ inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń dúró fún mílísẹ́kọ́ńdì 100 kó tó gbà pé wọ́n tẹ bọ́tìnì lóòótọ́.

Bọ́tìnì tó rọrùn jù láti lò ni ti ara àpótí kọ̀ǹpútà àtijọ́, irú èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ń tú sílẹ̀, torí ẹnu wáyà rẹ̀ máa ń wọ orí píìnì láìlo léèdì tí wọ́n fi ń jó wáyà mọ́ra. Ibi tó gba sùúrù ni kíka píìnì. Láti igun bọ́ọ̀dù, níbi tí píìnì 1 wà, píìnì 5 ni ẹnì kẹta ní ìlà inú, 6 sì ni ẹnì kẹta ní ìlà etí. Àwọn méjì tó ṣáájú 6 ní ìlà etí, ìyẹn 2 àti 4, ń gbé fóltì 5, bẹ́ẹ̀ àwọn píìnì GPIO kò lè gbà ju 3.3 lọ. Bí ẹnu wáyà bá fi ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo yẹ̀ sí orí 3 àti 4, títẹ̀ kan péré tó láti jó bọ́ọ̀dù. Kí a pa iná, kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí a tó ki ẹnu wáyà bọ̀ ọ́.

Ìṣòro kan wà tó lè yọjú níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Àwọn bọ́ọ̀dù tó ṣáájú Pi 5 kò ní aago tó ń rìn nígbà tí iná kò sí. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń mọ aago tó lù. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi aago kékeré oníbátìrì, bíi DS3231, kún un, píìnì 3 àti 5 ni aago yìí sì ń gbà sọ̀rọ̀. Nígbà náà, bọ́tìnì ní láti ṣí lọ sí orí píìnì 39 àti 40, kí ìlà inú fáìlì sì di:

dtoverlay=gpio-shutdown,gpio_pin=21

Èyí yóò máa pa á dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè jí i, torí GPIO3 nìkan ni bọ́ọ̀dù ń ṣọ́ lójú oorun. A lè fi bọ́tìnì kejì sí ojú tí wọ́n kọ RUN sí lára bọ́ọ̀dù, èyí tó ń tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ lójijì, kí a sì so ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n inú àpótí ló yẹ kó wà, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ti ṣe ohun kan náà bí ẹni tó fa wáyà yọ.

Lẹ́yìn tí a bá tẹ bọ́tìnì pípa, iná aláwọ̀ ewé yóò máa ṣẹ́jú fún ìgbà díẹ̀, yóò sì kú. Iná pupa sábà máa ń tàn síbẹ̀, nítorí bọ́ọ̀dù ṣì ń fa iná díẹ̀ bó tilẹ̀ ti sùn. Níbi tí bátìrì sólà kò bá tóbi, ìgbà tí iná aláwọ̀ ewé bá ti kú pátápátá ni kí a tó pa suwíìṣì ara ògiri, kí bátìrì má baà máa jò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.