Hilux 2.8 kan náà, báwo ni agbára ẹ̀ ṣe kúrò ní 177 tó di 204?

Látìgbà tí Toyota ti tún Hilux ṣe lọ́dún 2020, tí ẹ́ńjìnnì dísù lítà 2.8 tó ń gbé họ́ọ̀sìpáwà 177 wá di 204, làwọn tó ń wa ti tẹ́lẹ̀ ti ń béèrè pé ṣé tiwọn náà ò lè dà bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń ta chip, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ mọ́tò kí agbára ẹ̀ lè pọ̀ sí i, ní ó rọrùn. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé ẹ́ńjìnnì tuntun yẹn tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ ni?
Rárá o. 2.8 náà ni.

Ibo wá ni agbára yẹn ti wá?
Atẹ́gùn. Téèyàn bá fẹ́ fi dísù kún dísù, kò le rárá, atẹ́gùn tó máa jó o tán ni wàhálà. Iṣẹ́ tọ́bò nìyẹn: èéfín gbígbóná tó ń lọ sí sàlẹ́ńsà ló ń yí fáànù kan, ìyẹn á yí ìkejì tó ń ki atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì, ó sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Toyota fi tọ́bò tó tóbi sí i, wọ́n tún ètò tó ń fọ́n epo ṣe, wọ́n fọwọ́ kan pisitọ́nnù àti búlọ́ọ̀kù nítorí ooru. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, onígíà ọtọmátíìkì nìkan ni wọ́n fún ní tọ́ọ̀kì (agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan) 500 Nm, 420 ni wọ́n fi mọ fún onígíà ọlọ́wọ́.

Kí ló dé táwọn kan ń kọ họ́ọ̀sìpáwà 201 dípò 204?
Nǹkan kan náà ni, kilowáàtì 150. Họ́ọ̀sìpáwà tí Yúróòpù ń lò kéré díẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà.

Ṣé chip ń ṣiṣẹ́?
Ó ń ṣiṣẹ́, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kàn ń so mọ́ wáyà máa ń purọ́ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, pé ìfúnpá (pressure) epo ò tó, brain box á wá ki epo sí i. Mọ́tò á fò lóòótọ́. Àmọ́ tọ́bò kékeré yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀, rádíétọ̀ àtijọ́ náà ni, ooru á wá máa lé sí i. Alumíníọ̀mù ni pisitọ́nnù, alumíníọ̀mù sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 660°C, iná inú ẹ́ńjìnnì sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ọ́ìlì tó ń fọ́n sí i lábẹ́ wà lára ohun tó ń gbà á là. Ẹ wá ro ẹrù tọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn ẹ̀ lórí òkè.

Èéfín dúdú ńkọ́? Wọ́n ní agbára nìyẹn.
Epo tí ò rí atẹ́gùn jó ni. Ẹ ti sanwó ẹ̀.

Agbára mọ́tò mi ti dínkù, kí ni kí n ṣe?
Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ pààrọ̀ fílítà atẹ́gùn àti ti epo, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo rọ́bà tó ti tọ́bò lọ sí intercooler (ohun tó ń mú kí atẹ́gùn tútù) bóyá ó ti ya, kí wọ́n sì tẹ́ẹ̀sì nọ́súlù tó ń fọ́n epo. Ọ̀pọ̀ ìgbà, agbára tó ti sọnù ni mọ́tò ń wá.

Mo ti fi chip sí i ńkọ́?
Ẹ fi géèjì tó ń wo ooru èéfín sí i. Tẹ́ ẹ bá ti sáré tàbí gbẹ́rù gòkè, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì kẹ́ ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì má baà jóná mọ́ tọ́bò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí mọ́tò ò sì yára sí i, kúlọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ nìyẹn, ẹ yọ chip yẹn lọ́jọ́ náà.