Philippa Foot àti tíráàmù tí kò ṣeé dá dúró: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá tún jáde nípa ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, ẹnìkan á ti mẹ́nu ba "tíráàmù" kan, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ìgboro, tó fẹ́ pa èèyàn márùn-ún. Òǹkàwé á wá máa bi ara rẹ̀ pé tíráàmù wo, ta ló sì kú.

Níbo ni jàǹbá yìí ti ṣẹlẹ̀?

Kò ṣẹlẹ̀ níbì kankan. Àlọ́ àpamọ̀ ni.

Ta ló pa àlọ́ náà?

Philippa Foot, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ tó ń yẹ ìwà rere àti ìwà búburú wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1920. Ọmọ Grover Cleveland, ààrẹ Amẹ́ríkà, ni ìyá rẹ̀, inú White House gan-an ni wọ́n sì bí ìyá náà sí. Foot kò fi bẹ́ẹ̀ jókòó ní kíláàsì rí. Olùkọ́ obìnrin tí wọ́n gbà sílé ló ń kọ́ ọ. Síbẹ̀ ó wọ Somerville, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yunifásítì Oxford, ní 1939, ó sì gba oyè onípele kìn-ín-ní jáde ní 1942.

Kí ló gbé e dé ìdí ọ̀rọ̀ ìwà?

Àwòrán àgọ́ tí àwọn Nazi ti pa èèyàn nípakúpa, èyí tó jáde ní 1945. Èrò tó gbòde ní Oxford nígbà náà ni pé bí ẹnìkan bá ní "èyí burú", ó kàn ń sọ bó ṣe rí lára òun ni, kò sí òótọ́ tàbí irọ́ níbẹ̀. Foot wo òkú wọ̀nyẹn, ó ní kò lè jẹ́ ọ̀ràn bó ṣe wù mí, bó ṣe wù ọ́. Ìyẹn ló fi gbogbo ayé rẹ̀ jà lé lórí. Ó kọ́ni ní Somerville títí di 1969, ó sì parí iṣẹ́ ní yunifásítì UCLA, ní Los Angeles, ní 1991. Àròkọ ló máa ń kọ; odidi ìwé tó kọ lórí kókó kan ṣoṣo jáde ní 2001, nígbà tó ti tó ẹni 80 ọdún. Yunifásítì òde òní á ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i tipẹ́. Ní 2010 ló kú, ní ọjọ́ tó pé 90 gẹ́lẹ́.

Báwo ni àlọ́ náà ṣe lọ?

Awakọ̀ tíráàmù kan kò lè dá ọkọ̀ dúró mọ́. Òṣìṣẹ́ márùn-ún wà lójú irin kan, ẹnìkan ṣoṣo wà lójú irin kejì. Kó darí rẹ̀ síbìkan ló kù. Ọ̀pọ̀ wa á ní kó yà sọ́dọ̀ ẹnìkan.

Ibí ni àwọn oníròyìn máa ń dúró sí, Foot kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Ó gbé adájọ́ kan síwájú wa: èrò ti yarí, wọ́n mú èèyàn márùn-ún nígbèkùn, wọ́n ní àfi kí adájọ́ wá ọ̀daràn jáde. Ó lè gbé aláìṣẹ̀ kan kọ́ igi kó fi parí rẹ̀. Ẹ̀mí kan sí márùn-ún náà ni. Kí ló dé tí a gbà fún awakọ̀, tí a kò gbà fún adájọ́?

Kí wá ni ìdáhùn rẹ̀?

Kì í ṣe kíka orí. Ojúṣe wa láti má ṣe ọmọlàkejì níbi wúwo ju ojúṣe wa láti gbà á nínú ewu. Ibi yòówù tí awakọ̀ bá yà sí, òun ló pààyàn, nítorí náà kí iye tó máa pa kéré. Adájọ́ tó jókòó jẹ́jẹ́ kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ pa aláìṣẹ̀ torí kó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ fi oògùn wò ó. Bí ẹnìkan bá nílò gbogbo oògùn tó wà, tí ìdá márùn-ún rẹ̀ sì tó ẹnì kọ̀ọ̀kan àwọn márùn-ún mìíràn, ẹ fún àwọn márùn-ún. Àmọ́ ẹ ò lè pa ẹnìkan kí ẹ fi òkú rẹ̀ po oògùn fún wọn.

Ṣé nítorí ọkọ̀ ló ṣe kọ ọ́?

Rárá o, nítorí oyún ṣíṣẹ́ ni. 1967 ni àròkọ tí àlọ́ náà wà nínú rẹ̀ jáde, ọdún tí òfin oyún ṣíṣẹ́ wọlé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ta ló wá gbé ọkùnrin sísanra sórí afárá, tí wọ́n ní bí a bá tì í sójú irin, á dá tíráàmù dúró?

Judith Jarvis Thomson, ará Amẹ́ríkà, ní 1976.

Ṣé ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ lè fi mí dípò èèyàn márùn-ún?

Ibi tí ewu wà kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Kẹta 2018, ọkọ̀ Uber kan tí wọ́n ń dán wò pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ sọdá títì lálẹ́ ní Tempe, Arizona. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti rí nǹkan láti bí ìṣẹ́jú àáyá 5.6 ṣáájú, ṣùgbọ́n ó pè é ní mọ́tò, ó ní nǹkan mìíràn ni, ó ní kẹ̀kẹ́ ni. Bó bá ti yí orúkọ padà, á tún ṣírò ibi tó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò kọ́ ọ pé èèyàn lè sọdá níbi tí kò sí àmì ìsọdá. Wọ́n ti pa bíréèkì pàjáwìrì tó bá ọkọ̀ wá, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ sì ń wo fóònù. Ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó díwọ̀n ẹ̀mí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ń bá yín wakọ̀ lápá kan, ẹ má gbé ojú kúrò lójú títì.

Mo ti yàn "ẹ pa arúgbó" nínú ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Ṣé wọ́n á lò ó?

Moral Machine ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, nìyẹn. Ó gba nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ìpinnu, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ìwádìí ni, kì í ṣe òfin ọkọ̀. Ní Jámánì, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ti sọ ní 2017 pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ orí tàbí akọ àti abo ṣe ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ kọlù.

Bí wọ́n bá bi mí ní kíláàsì ńkọ́?

Kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí o jẹ́. Bí o bá jẹ́ awakọ̀, ìdáhùn Foot wà lókè. Bí o bá jẹ́ ẹni tó kàn dúró lẹ́bàá ojú irin, tí ọwọ́ rẹ sì tó irin tí wọ́n fi ń yí i, o kò tíì pa ẹnikẹ́ni bí o bá dákẹ́, ìdáhùn awakọ̀ kò sì bá ọ mu mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì. Thomson gbà ní 1985 pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yí i. Ní 2008 ó ní òun ti yí èrò padà.